Irin Tí Mo Mọ̀ Pé Ó Ti Rì

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, Ọba tó gbá ohun tí ọwọ́ mi jù sílẹ̀ mú kó tó kanlẹ̀! Ògo ni fún un! Ẹ̀yin ará, ẹ okun o. Bàbá àlùfáà, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà fo ibi tó ń tì mí lójú, ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ìwé lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Káyọ̀dé, ọmọ màmá tó ń kọ́ àwọn ọmọdé wa ní Bíbélì. Ìwé mi ò lọ títí. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo dúró sí, mo wá lọ kọ́ṣẹ́ irin títẹ̀ ní Kábà níbí. Àwa là ń gé irin, tí à ń tẹ̀ ẹ́, tí à ń so ó pọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e.

Gálárì tó wà lẹ́yìn ilé ìsìn yìí, àwọn ọmọdé la kọ́ ọ fún. Ó yọ láti ara ògiri, ó nà wá sórí àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, kò sì ní òpó kankan níwájú. Obìnrin tó yàwòrán rẹ̀, ọmọ Òkè-Bùkún ni, gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí Ẹnjiníà. Ó pè mí lórí fóònù láti Lọ́kọ́ja. Ó ní, 'Káyọ̀dé, irin ńlá inú gálárì yìí, òkè ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà o, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ṣe àga fún wọn dáadáa.' Àga tó wí yẹn, irin kéékèèké tí a tẹ̀ bí àpótí ìjókòó ni. Òun ló ń gbé irin òkè dúró kó má baà rì nígbà tí kọnkéré bá ń wọlé.

Ogójì ló ní kí n ṣe. Mọ́kànlá ni mo ṣe. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò. Mo ní n ó parí ìyókù láàárọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, gbogbo ìjọ ti dé. Ẹ ṣáà rántí ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ti ń yí, àwọn ọkùnrin ti ṣe òṣùká, àwọn ìyá ti gbé iṣu kaná, màmá mi ń lé orin. Àǹtí Ẹnjiníà kò lè wá, ọ̀gá mi sì wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ta ni yóò wá jáde sáàárín ayọ̀ yẹn kó ní kí ìjọ Ọlọ́run dúró de òun? Mo ṣa òkúta, mo fi wọ́n ti irin. Bí wọ́n ṣe ń rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, òkúta ń yẹ̀, irin ń rì. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i. Bàbá àlùfáà gun àkàbà wá, wọ́n bi mí pé ṣé irin dúró. Mo ní, 'Ó dúró, sà.' Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n súre fún mi. Ìre yẹn wúwo ju páànù kọnkéré lọ.

Nígbà tó ṣe, a yọ igi tó gbé gálárì ró. Kò ju oṣù kan lọ, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lókè, létí ògiri, bí òwú. Ọ̀gá mi ní oòrùn ló fà á, ó fi sìmẹ́ńtì dí i. Ó tún yọ.

Ìkórè wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àgbàlá wa, màmá mi ń kọ́ àwọn ọmọ lórin tí wọ́n máa kọ lórí gálárì. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fò. Kódà àwọn ọmọ Alhàjì ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń bá wọn fò. Bí wọ́n bá ti fò báyìí, àyà mi á já. Màmá bi mí pé kí ló dé tí oúnjẹ ò lọ mọ́. Mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ojú Bàbá àlùfáà fo ìlà yẹn. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí Àǹtí Ẹnjiníà. Ó dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó bá àwọn àgbà ìjọ, ọ̀gá mi, màmá mi àtèmi níbẹ̀, ó ta okùn láti igun dé igun. Gálárì ti tẹ̀ sísàlẹ̀ tó ìka méjì. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gálárì wa ló wà níbẹ̀, tirin-tirin, tòun ti kọnkéré rẹ̀. Ó ní àwòṣe ni, pé òun ń gbé ẹrù lé e nínú kọ̀ǹpútà láti mọ bí yóò ṣe tẹ̀, àti pé ibi tí ìnira bá pọ̀ sí ni yóò pọ́n. Kò síbi tó pọ́n. Àwòṣe ní kò yẹ kó tẹ̀ ju nínípọn èékánná lọ.

Àgbà ìjọ kan bi í pé kí ni irin òkè wà fún gan-an. Ó ní kí màmá mi bá òun wá ọṣẹ gbọọrọ. Ó jẹ́ kí ìdajì ọṣẹ yọ kúrò létí tábìlì, ó di ìyókù mú, ó tẹ èyí tó yọ wálẹ̀. Òkè ló ti kọ́kọ́ ya, ó ní ibẹ̀ ni irin máa ń dì mú. Àgbà náà ní, 'Àṣé ọṣẹ lẹ fi kọ́lé Olúwa fún wa.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Ẹnjiníà ní, 'Kọ̀ǹpútà yìí, ohun tí mo bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Mo sọ fún un pé irin wà lókè. Ṣé ẹnì kan wà níbí tó mọ ohun tí èmi ò mọ̀?'

Ọ̀gá mi ní sìmẹ́ńtì ayé ìsinsìnyí ni. Mo ń wo bàtà màmá mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ní, 'Àǹtí, irin ò sí lókè. Mi ò ṣe àga yẹn pé. Ó rì, mo sì ń wò ó nígbà tó ń rì.'

Àǹtí Ẹnjiníà yíjú sí mi. Kò bú mi. Ó bi mí pé ó rì tó báwo. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi ìbú rẹ̀ hàn án. Ó wọn ọwọ́ mi, ó yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà. Ẹ̀yin ará, gálárì inú kọ̀ǹpútà pọ́n bí ata, létí ògiri gan-an, níbi tí òwú yẹn wà. A ò tíì gbé ọmọ kankan lé e o!

Ó ní, 'Kí ọmọ kankan má gùn ún. Ẹ wá igi wá, ká fi gbé e ró. Lónìí.'

Èmi àti màmá mi jọ rìn délé. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí. Ó ní, 'Ó dùn mí, Káyọ̀dé. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ kí wọ́n tó gùn ún. Jẹun.' Omijé mi kán sínú ọbẹ̀.

Wọ́n sún Ìkórè síwájú, wọ́n wó gálárì. Ibi tí mo ní irin wà ni wọ́n ti bá a. Ọ̀gá mi fẹ́ gba ẹlòmíràn dípò mi. Àǹtí Ẹnjiníà ní, 'Ẹni tó mọ bó ṣe ń rì ni kó wá gbé e dúró.' Mo ṣe ogójì àga. Màmá mi kó àwọn ọmọ wá, wọ́n ń gbé wọn fún mi nídìí àkàbà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka iye rẹ̀ sókè. Ọmọbìnrin Alhàjì ò fẹ́ gbé tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní ọmọláńgidi òun fẹ́ jókòó lé e.

Lọ́jọ́ tí a ń da kọnkéré, àga kan yẹ̀. Mo ní, 'Ẹ dúró!' Ẹ̀rọ dákẹ́, gbogbo ìjọ dúró, mo tún un ṣe. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn mu ife omi kan lọ. Ohun tí mo bẹ̀rù nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tó nǹkan.

Nígbà tó gbẹ tán, wọ́n kó àpò iyanrìn jọ sórí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láti fi dán an wò. Nígbà tí Àǹtí tún ta okùn, gálárì ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, bí àwòṣe ṣe wí ló rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ kọrin níbẹ̀, wọ́n sì fò. Ọlọ́run, mo dúpẹ́! Bàbá àlùfáà, ẹ ṣeun. Àǹtí Ẹnjiníà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè.

Ìwọ tí o jókòó níbí, tí o mọ ohun tó ti rì tí o fi òkúta tì, sọ ọ́ nígbà tí kò tíì sí ọmọ lórí rẹ̀. Ojú yóò tì ọ́. Ìtìjú ò pa mí.

Ẹ ò mọ ibi tí màmá mi jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn. Ó fi ìjókòó rẹ̀ tó wà níwájú sílẹ̀, ó wá sí ẹ̀yìn, abẹ́ gálárì gan-an. Àwọn ọmọ ń fò lókè orí rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́, kò sì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ bá mi dúpẹ́.