Irin Tí Mo Fi Mú Ṣàkírátù Búra

Ẹnu tí mo fi di irọ́ náà, òun náà ni n ó fi tú u. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ní sùúrù kí n sọ ọ́ tán, kí èébú rẹ̀ lè kún ẹnu dáadáa. Èmi Olúwatóyìn, alágbàfọ̀ ọ̀nà Mayfair, tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń kó agbádá àti kóòtù wá fún, kò sí ẹni tí mo ń bẹ̀rù. Mo ti bú ọlọ́pàá lójú títì. Mo ti lé onílé mi jáde nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni mo ti ń sá fún ohun kan ṣoṣo, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún Ṣàkírátù. Ọwọ́ náà kò sì sí mọ́. Èmi ni mo gé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ló mú ọ̀bẹ.

Ará Ìwó ni bàbá Ṣàkírátù, ṣùgbọ́n Ilare níbí ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́fà ló fi bá mi lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù eléèédú tó wúwo bí ọmọ tó ń rá, òun ló ń gbé e láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iná rẹ̀ kò sì ta jó aṣọ oníbàárà kankan rí. Lọ́jọ́ tí mo gbà á síṣẹ́, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún un pé, "Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìsinmi rẹ lọ́dọọdún. Bí o kò bá lọ, n ó máa bá ọ tọ́jú owó rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá ń kúrò lọ́dọ̀ mi, n ó kó o lé ọ lọ́wọ́." Abógúnrìn tó ń bá mi fọ aṣọ wà níbẹ̀, ó ń po sítáàṣì. A kò kọ ìwé. Ta ló ń kọ̀wé láàárín ara rẹ̀ àti ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀? Ṣàkírátù kò lọ ìsinmi kankan rí. Bí mo bá ní kó lọ sinmi, á ní, "Ẹ bá mi fi í pamọ́, Mà. Mo ń kó o jọ ni."

Ẹ má rò pé owó ló dun mi. Owó wà lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń ta mí lára ni pé àwọn oníbàárà ti ń dé ìsọ̀ mi, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á ní, "Ṣé Ṣàkírátù ló máa lọ eléyìí?" Èmi tí mo dá ìsọ̀ sílẹ̀! Ìgbà tó wá sọ fún mi pé òun rí iṣẹ́ ní ilé ìbùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, mo ní "Kú oríire," ṣùgbọ́n ọ̀fun mi korò bí ẹni mu omi ewúro.

Ọjọ́ tó lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, oníbàárà kan ti fi abẹ́rẹ́ di ọrùn agbádá rẹ̀ tó ya, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ti dípẹtà. Bí Ṣàkírátù ṣe tẹ́ agbádá náà sórí tábìlì, tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ wọ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì kán síbẹ̀. Ó ké. Èmi ni mo di ọwọ́ náà mú. Eyín mi ni mo fi fà á yọ, mo tu ú sílẹ̀, Abógúnrìn ń wò wá. Mo ní kó lọ fi epo pa á. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ yìí o, nítorí èmi náà kò gbàgbé rẹ̀ nígbà kankan.

Lọ́jọ́ kejì ó wá gba owó rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Owó oṣù tó kẹ́yìn ni mo wá gbà, àti ti ìsinmi." Mo ní, "Ìsinmi wo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Èyí tí ẹ bá mi kó jọ, Mà." Mo ní, "Ẹni tó ti ń jókòó gbatẹ́gùn lábẹ́ òrùlé mi láti ọdún mẹ́fà! Ìgbà tí o lọ sin bàbá rẹ ní Ìwó ńkọ́? Ìgbà tí o bímọ ńkọ́? Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, ìwọ gan-an lo jẹ mí." Ó ní, "Mà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tíì gbẹ lára mi tí mo fi padà sídìí áyọ́ọ̀nù." Àwọn aládùúgbò tó ti pé jọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, níwájú ìsọ̀ mi.

Ojú mi ṣókùnkùn. Mo pe Abógúnrìn. "Ìwọ, ṣé o gbọ́ kí n ṣèlérí owó ìsinmi fún ẹnikẹ́ni rí?" Abógúnrìn ní ìyàwó méjì àti gbèsè mẹ́ta. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, omi ń hó lórí iná mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ṣàkírátù yíjú sí i: "Bọ̀ọ̀dá Abógúnrìn! Ẹ̀yin náà?" Mo wá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn, tútù ni, kò sí èédú nínú rẹ̀. Mo ní, "Irin ló ń bọ́ wa níbí. Bí òótọ́ lo ń sọ, fọwọ́ lé e, kí o búra." Ó ní, "Mà, Mùsùlùmí ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fi Kùránì búra." Mo ní, "Kùránì kò lọ aṣọ fún mi rí." Ẹ wò ó, mo mọ̀ pé kò ní fẹ́ fi irin búra, mo sì fẹ́ kó sá lọ. Ṣùgbọ́n kò sá. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé irin, ó ní, "Bí mo bá parọ́ mọ́ Mà, kí irin yìí mú mi."

Mo ní ó dáa, bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àtijọ́ ni a ó ṣe é: ọjọ́ méje ni a ó fi wo irin. Bí irin kò bá mú un, n ó san gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní mo sọ̀rọ̀ àgbà.

Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí ọwọ́ Ṣàkírátù fi wú. Ó wú bí iṣu tó gbó. Bí ìròyìn ṣe kàn mí, inú mi dùn. Ẹ tún un kà: inú mi dùn. Mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni. Síbẹ̀ mo ti ìsọ̀, mo sì ń ti ilé dé ilé, mo ń ní, "Ẹ ti gbọ́? Irin ti dá ẹjọ́ wa!" Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kírun ní Ilare náà kẹ̀yìn sí i, wọ́n ní ta ló rán Mùsùlùmí lọ fi irin búra. Abógúnrìn wá bá mi lẹ́yìn ìsọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ yẹn ni o. Eyín yín lẹ fi fà á yọ." Mo ní, "Abógúnrìn, ṣé iṣẹ́ ti sú ọ ni?" Ó padà sídìí omi rẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Ṣàkírátù wá nírọ̀lẹ́, nígbà tí oníbàárà máa ń pọ̀. Ó fi ìborùn wé ọwọ́ náà, ó ń rùn. Ó ní, "Mà, mo ti fi ti ìsinmi sílẹ̀. Owó oṣù mi nìkan ni kí ẹ fún mi, kí n lọ sí ọsibítù." Owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán! Mo ní, "Kọ́kọ́ jẹ́wọ́." Ó ní, "Kí ni kí n jẹ́wọ́, Mà?" Mo ní, "Ohun tí irin ti sọ." Ó kúnlẹ̀ sínú ekuru, ó ní òun parọ́ mọ́ mi. Mo ní, "Sọ ọ́ sókè, àwọn tó wà ní òdìkejì títì kò gbọ́." Ó pariwo rẹ̀: "Mo parọ́ mọ́ ọ̀gá mi! Kò ṣèlérí kankan fún mi!" Mo ka ìdajì owó oṣù náà fún un. Mo yọ ìdajì tó kù, mo ní ìtanràn orúkọ mi tó bà jẹ́ ni. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á. Mo tún bá a wí pé ọwọ́ òsì ló ń nà sí àgbà. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ ṣé, Mà."

Owó náà kò tó. Kí àwọn ẹbí rẹ̀ tó rí ìyókù kó jọ, ọwọ́ náà ti jẹrà dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n gé e. Yunifásítì fi ẹlòmíràn sí iṣẹ́ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá mo ń kọjá ní Ẹnuwá, mo rí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà. Ọwọ́ òsì ló fi ń bu ẹ̀pà fún oníbàárà kan, ìyẹn pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣàkírátù ni. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mà, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wá bẹ̀ yín. Ẹ forí irọ́ tí mo pa mọ́ yín jì mí." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ó gbà á gbọ́! Irọ́ tí mo fi ipá tì sí i lẹ́nu ti di òótọ́ nínú rẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀: ìlérí, abẹ́rẹ́, eyín mi. Mo kó owó jáde, ti oṣù àti ti ìsinmi. Ó ń gbé mi dìde, ojú ń tì í. Ó ní, "Ẹ dìde, Mà, àwọn èèyàn ń wò wá. Ẹ má fi irọ́ tù mí nínú. Ènìyàn lè parọ́, irin kì í parọ́. Ó ní láti jẹ́ pé mo lọ ìsinmi yẹn, mo kàn gbàgbé ni." Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń di ọ̀gá, owó òṣìṣẹ́ tí ẹ gbé pa mọ́, ẹ lè dá a padà lọ́la. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ Ṣàkírátù yìí, mo ti gbé e lọ fún un, kò mọ̀ ọ́n mọ́ pé tirẹ̀ ni. Mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí ẹ bá dé Ẹnuwá, tí obìnrin kan fi ọwọ́ òsì na ẹ̀pà sí yín, ẹ má pòṣé. Ẹ gbà á. Ẹ sọ fún un pé Olúwatóyìn ní abẹ́rẹ́ ló ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Kò ní gbà yín gbọ́. Ẹ tún un sọ.