Òfin Tí Mo Kọ Nípa Kòkó Omifunfun

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ẹ má dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi mọ́. Èmi Afọlábí ni mo ṣe é, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Ẹ rántí pé àwọn tó ń ra kòkó láti òkè òkun ní kí a fi orúkọ olóko kọ̀ọ̀kan han àwọn. Mo kó ohun tí ẹ sọ fún mi sínú ẹ̀rọ, mo sì kọ àwọn òfin tí yóò máa fi ronú: bí tibí bá rí báyìí, a jẹ́ pé tọ̀hún rí báyẹn. Ẹni tó bá bi í pé ta ló loko, á dá a lóhùn. Àmọ́ oko Màmá Tàwàkálítù ní Omifunfun kò jẹ́ kí n gbádùn. Akínṣọlá ló nilẹ̀. Màmá àti ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló gbin kòkó síbẹ̀, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, orúkọ méjì ló ń jáde. Mo tún un ṣe títí, orúkọ méjì náà ni. Ó sú mi. Láoyè alága wa sì ń pè mí láti Orè: “Ọmọ yunifásítì, ṣé ẹ̀rọ ẹ ṣì ń gbàdúrà ni? Orúkọ kan ni wọ́n ní ká mú wá.”

Mo bá fi òfin kan kún un: ẹni tó nilẹ̀ ló ni gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni ní Odigbo tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ lọ́tọ̀, igi lọ́tọ̀? Ṣùgbọ́n orúkọ kan ló jáde, inú mi sì dùn, bí ẹni tó já àlọ́. Òmùgọ̀ ni mí.

Èyí tó burú jù ló kù. Màmá gbọ́ pé orúkọ Akínṣọlá nìkan ló jáde, wọ́n sì wá bá mi ní ọ́fíìsì. “Ọmọ mi, bá mi bi í, kí ló rí tó fi ní mi ò ní kòkó tí mo fọwọ́ ara mi gbìn?” Ẹ̀rọ náà lè ṣàlàyé. Bọ́tìnì kan péré ni, òfin mi á yọjú, orúkọ mi á sì wà lábẹ́ rẹ̀. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Màmá, kì í ṣàlàyé, kì í sì í purọ́.” Wọ́n wo kọ̀ǹpútà náà títí. “Kò burú. Ká ní èèyàn ni, ǹ bá bẹ̀ ẹ́.”

Akínṣọlá fi èsì yẹn gba oko, ó gé kòkó, ó gbin ọ̀pẹ síbẹ̀.

Lánàá mo pa òfin náà rẹ́, mo tún béèrè. Kíá ló fèsì: Akínṣọlá ló nilẹ̀, Màmá Tàwàkálítù ló ni kòkó. Kòkó wo?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí lọ́dọ̀ mi, bí ìdáhùn méjì bá jáde, ẹ má pa ọ̀kan torí pé ó sú yín. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, màá tẹ bọ́tìnì yẹn lójú gbogbo yín, kí Màmá lè rí i pé èèyàn ni. Èmi ni mo wá ń bẹ̀ wọ́n.