Ọkọ̀ Ẹsẹ̀ Bàtà Mọ́kànlélógójì

Darrin Ostby, kí lo mọ̀ nípa Adágún Sorrel? Dáhùn. Má wo tábìlì, ìdáhùn ò sí lára tábìlì. Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀ kí o tó ta ọkọ̀ fún ọkọ mi lánàá, ọkọ̀ tó sọ fún ẹ pé ibẹ̀ lòun ń gbé e lọ? Pé ó wà ní Montana. Ó dáa. Kí ló tún kù? Kò sí mọ́? Háà! Àgbàlagbà ọkùnrin, ọmọ ogójì ọdún, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà tẹ orúkọ rẹ̀ sára káàdì, gbogbo ohun tó mọ̀ náà ni pé Montana ni!

Rárá, mi ò jókòó. Mi ò sì mu kọfí. Kọfí wo? Ohun tó ti wà nínú ìkòkò yẹn láti àárọ̀, tó ń rùn bíi táyà tó ń jóná, òun lẹ̀ ń pè ní kọfí? Gbé e kúrò níwájú mi, ó ń rí mi lára. Má sì pè mí ní Ardis. Odindi ọdún kan ni mo fi kọ́ ẹ ní kíláàsì kẹrin, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú tí mo fi bí wọ́n ṣe ń lo rúlà hàn ẹ́. Ìyáàfin Kvale ni mo jẹ́ nígbà yẹn, Ìyáàfin Kvale náà ni mo jẹ́ lónìí.

Mi ò pariwo. Ohùn mi ló lọ sókè. Jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé fún ẹ, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ àlàyé, kò tíì sú mi. Ibùdó kan wà létí Adágún Sorrel tí àwọn tó bá ní ọkọ̀ onílé bíi tiwa, ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, lè gbé e sí kí wọ́n sùn. Ààyè ọgbọ̀n péré ló wà níbẹ̀. Nínú ọgbọ̀n yẹn, méjì péré ni igi ò dí omi mọ́ ẹni lójú. Ààyè kọkàndínlógún jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Wọn kì í gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àfi tó bá ku oṣù mẹ́fà géérégé, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mo ní mẹ́sàn-án o! Tó bá fi di mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú kan, àwọn tó yára ti gbà á tán, ìwọ á wá máa wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ bí mo ṣe rí i gbà? Oṣù January, yìnyín ti bo gbogbo fèrèsé, mo jókòó nínú aṣọ àwọ̀sùn, Marlys aládùúgbò wa jókòó sí apá kejì tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fóònù wà láàárín wa. Ọjọ́ mẹ́ta la ti fi ń dánra wò, à ń tẹ ibùdó tí a ò ní í lọ, kí ìka wa lè mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Má rẹ́rìn-ín! Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Aago mẹ́sàn-án lù, mo tẹ̀ ẹ́, Marlys figbe ta, èmi náà figbe ta, Verlyn ọkọ mi sáré jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú, a ti gba kọkàndínlógún!" Ọkùnrin yẹn jókòó sórí àga pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó bú sẹ́kún. Verlyn! O mọ̀ ọ́n, àbí? Ṣé o ti rí ẹkún Verlyn rí?

O ò bi mí pé kí ló pa á lẹ́kún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n ìbá ti bi mí.

Nígbà tí ẹ jókòó síbí lánàá, tí o gbé bébà síwájú rẹ̀, kí ló sọ fún ẹ? Ó ní òun gbàgbé awò ojú òun sílé. Ìwọ náà wá ka bébà náà fún un. Darrin, kò gbàgbé awò kankan sílé. Awò ò ṣe é mọ́. Àárín ojú rẹ̀ ló ń ṣú, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń ríran báyìí, tó bá fẹ́ wò mí, ńṣe ló máa yí ojú kúrò lára mi bí ẹni ń bínú. Dókítà ní ohunkóhun tó bá fẹ́ rí, kó lọ rí i lọ́dún yìí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ rí. Kò ronú rárá. Ó ní omi tí bàbá òun mú òun lọ nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Omi yẹn, Darrin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù ká gbéra. Tá a bá pàdánù kọkàndínlógún, kò sí oṣù mẹ́fà mìíràn tí a fẹ́ tún dúró dè.

O ò mọ̀. Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn, o ò mọ̀, o ò sì béèrè!

Ìbéèrè kejì. Báwo ni ààyè kọkàndínlógún ṣe gùn tó? O ò mọ ìyẹn náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Igi páìnì ńlá kan wà lẹ́yìn, àpáta wà lápá òsì, kò sẹ́ni tó máa sún wọn fún ẹ. Ọkọ̀ wa kékeré, mẹ́rìnlélógún ni. Mú mẹ́rìnlélógún kúrò nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ku mélòó? Mẹ́ta. O káre. Àgbá ọkọ̀ ràgàjì tí o tà fún un ńkọ́? Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́. Mọ́kànlélógójì! Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá ni yóò yọ sójú ọ̀nà bí ahọ́n ajá, gbogbo ẹni tó ń kọjá á máa bú wa, ọ̀gá ibùdó á sì lé wa jáde kí Verlyn tó bọ́ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ti abẹ́ òkè ní Wyoming, níbi tí ẹfọ̀n ti ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn ẹni láàárọ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ti South Dakota, láàárín àwọn òkè tó pín ní ìlà-ìlà bíi kéèkì, ọgbọ̀n. Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi tò ó, ibùdó kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí ọjọ́ kan tí n ó wakọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ, torí pé èmi ni n ó wà á. Èmi! Wò mí. Ṣé ẹsẹ̀ mi á kan bíréèkì ohun tí o tà yẹn?

Ìwọ fúnra rẹ lo sì wá gbé ọkọ̀ wa kékeré nílé, tí ẹ fi ṣe apá kan owó tuntun. Verlyn ní ọ́ìlì lo fẹ́ lọ pààrọ̀. Mo juwọ́ sí ẹ láti ojú fèrèsé! Mo gé kéèkì fún ẹ, mo fi bébà wé e! O jẹ kéèkì mi, o gbé ọkọ̀ mi lọ, o ń súfèé lọ. Ṣíọ̀!

Ìmọ̀ràn tí o wá fún un ló kó mi nírìíra jù. O ní ká pa gbogbo ààyè tí mo gbà rẹ́, pé ọ̀rẹ́ rẹ kan ní ibùdó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀, kọnkéré ni ilẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ tó bá wù kó gùn tó máa wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n lè fi wọlé pa wọ́n rẹ́. Mo ti sùn ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ rí, Darrin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò tíì gbàgbé. Ọgọ́ta ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, mo na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó kan ọkọ̀ ẹlòmíràn. A gbé oúnjẹ kalẹ̀, ọ̀dùnkún àti sọ́séèjì, rọ́bà tó ń gbé ìgbẹ́ ọkùnrin inú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa lọ sínú ihò gba ìsàlẹ̀ tábìlì wa kọjá, ó ń mì, ó ń ró gùlú-gùlú, mo mọ ìgbà tí ọkùnrin yẹn dìde ní ṣáláńgá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó jẹ sùn! Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Títí di òní, mi ò lè wo sọ́séèjì lójú. Tùẹ̀! Ibẹ̀ lo fẹ́ kí ọkọ mi fi ojú tó kù fún un wò?

Mo wọ inú ọkọ̀ náà kí n tó wọlé wá bá ẹ, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ níta níbẹ̀. Òórùn ike tuntun gbá mi nímú. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta! Ọ̀kan nínú wọn wà lára ògiri ìta! Kí la fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n wò níwájú adágún, adágún mìíràn? Mo yí ojú padà, mo rí ààrò. Mo ní, "Ó tì o, ààrò nínú ọkọ̀?" Mo sún mọ́ ọn, irọ́ ni! Gíláàsì ni, wọ́n ya ọwọ́ iná sínú rẹ̀, ó ń jó láìjó nǹkan kan, o tẹ bọ́tìnnì, ó di búlúù. Búlúù, Darrin! À ń lọ síbi tí a ó ti fi igi gidi dáná, tí èéfín máa ta sí wa lójú, o wá ta iná búlúù fún wa.

Ṣé o mọ ìdí tí mo fi yan kọkàndínlógún? Nítorí fèrèsé. Mo wo àwòrán ibẹ̀ láti òkè, mo yà á sórí páálí, mo gé bébà bí ọkọ̀ wa, mo ń yí i síbí, mo ń yí i sọ́hùn-ún. Tí mo bá fi ẹ̀yìn wọlé, fèrèsé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Verlyn máa dojú kọ omi. Á jókòó láàárọ̀, á yí ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, á rí oòrùn bó ṣe ń bọ́ sórí omi. Nínú ọkọ̀ tìrẹ, kí ló wà níbi tí fèrèsé yẹn wà? Sọ ọ́. Fíríìjì! Fíríìjì onílẹ̀kùn méjì! Kó jí láàárọ̀ kó máa wo fíríìjì!

Kí lo wí?

Tún un sọ. Pé èmi ló ní òun rà á fún? Ó ní... ó ní ogún ọdún ni mo ti ń tẹ̀ ba nínú ilé ìdáná kékeré yẹn. Ó ní òun fẹ́ kí n nàró. Ó sì béèrè bóyá ó ní ibi tí mo ti lè fi omi gbígbóná rẹ ẹ̀yìn mi.

Verlyn ló wí bẹ́ẹ̀.

Dákẹ́ ná. Fún mi ní bébà ìnujú yẹn. Òmùgọ̀ ọkùnrin. Ẹ wo òmùgọ̀ ọkùnrin tí mo fẹ́. Kò ríran, ẹ̀yìn mi ló ń rò.

Ìwọ wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkùnrin tó bẹ̀ ẹ́ pé kí o ka bébà fún òun, ohun tó kàn tó sọ sí ẹ lọ́kàn ni pé kí o wá bírò! O gbọ́ ọ, o sì rẹ́rìn-ín músẹ́, mo mọ ẹ̀rín yẹn, òun náà lo fi ń wò mí nígbà tí o bá jí ìdáhùn wò lára bébà ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ó rí mi lára nígbà yẹn, ó tún rí mi lára lónìí.

Ó tó. Kí ni wọ́n kọ sára ògiri lẹ́yìn rẹ? Kà á. "Ọkọ̀ tí kò bá bá yín lára mu, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta." O ṣeun. Ọjọ́ kejì la wà. Kí lo tún ní? Pé awakọ̀ tó bá mọṣẹ́ lè wọ ààyè èyíkéyìí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jiyàn, ó máa ń jẹ́ ká lè dán nǹkan wò.

Wo ìta. Ìlà funfun tí o rí nílẹ̀ yẹn, èmi àti Marlys la fi ṣọ́ọ̀kì fà á láti aago méje, ààyè kọkàndínlógún gan-an ni, kò fi íńṣì kan dín. Garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ni igi páìnì. Ọkọ̀ Marlys ni àpáta. Kọ́kọ́rọ́ dà? Bọ́ sókè. Fi ẹ̀yìn wọlé. Tó bá wọlé, n ó gbé e lọ pẹ̀lú iná búlúù rẹ̀, ẹ ò ní í gbọ́ ohùn mi mọ́. Kí lò ń wò lẹ́yìn? Ọ̀gá rẹ ti wà lójú fèrèsé. Juwọ́ sí i. Ó yá.

Rọra. Wo dígí. Máa bọ̀. Marlys, kúrò níbẹ̀! Máa bọ̀, máa bọ̀, máa... Dúró! Dúró, Darrin!

Há! Há há há! Marlys, o gbọ́ bí páìnì ṣe wó? Wo iwájú rẹ̀ tó ṣì wà lójú títì lọ́hùn-ún! Ó dáa, pa á. Sọ̀kalẹ̀, gbé garawa náà dìde, má ṣèyọnu, a kì í fi ẹ̀ẹ̀kan mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ kékeré wa wà lẹ́yìn ilé yín, mo ti rí i. Lọ gbé e wá, ká fi ìyẹn náà dán an wò.