Bẹ́ńṣì Tí Ẹ Jókòó Lé

Ẹ má tíì ká aṣọ yẹn kúrò lójú pátákó. Mo mọ̀ pé orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i, mo sì rí i pé ẹ ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò lágbára mọ́, ó ṣeé ṣe kí n má bá yín ṣe ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, mi ò sì ní gbé e wọlẹ̀ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, torí ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má yangàn. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe pírínsípà níbí, ewúrẹ́ ló ń sùn ní kíláàsì kẹta. Kò sí lábù, kò sómi, òrùlé ń jò sórí ìwé àwọn ọmọ. Èmi tí ẹ ń pè ní Bàbá Bíírò Pupa yìí, èmi ni mo tún un ṣe! Ọdún mẹ́fà gbáko la fi gba ipò kìíní ní gbogbo àgbègbè yìí. Àwọn tí mo kọ́ ń wa ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń dá ẹjọ́, wọ́n ń kọ́ afárá. Tí mo bá rí wọn, orí mi máa ń wú. Mi ò tọrọ àforíjì lórí ìyẹn o.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bá a ṣe di ipò kìíní mú. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mú ọmọ púpọ̀ yege nínú iye tó jókòó ṣèdánwò àṣekágbá ni ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń fún ní lábù àti olùkọ́ tuntun. Èyí tí kò bá mú ìdajì yege lọ́dún méjì léra wọn, títì ni. Mo wo òfin yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní tí mo bá ti mọ ọmọ tí kò ní yege, kí ló dé tí màá fi jẹ́ kó jókòó lórúkọ mi? Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà! Mo ṣe ìdánwò kékeré fún wọn kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sórí orúkọ ọmọ mẹ́tàlélógún.

Ibo ni màá kó wọn lọ? Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan wà lódìkejì odò, yàrá mẹ́ta péré. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì la máa ń pe pírínsípà ibẹ̀, torí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò létí ìró rẹ̀. A jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni, mo ṣáájú rẹ̀, àtìgbà náà ló ti ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Mo gbé fọ́ọ̀mù tọ̀ ọ́ lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ téèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo ní, "Àbúrò mi, gbọ̀ngàn wa ti kún. Jẹ́ kí àwọn ọmọ mi wọ̀nyí jókòó lọ́dọ̀ rẹ. Èsì wọn á padà sọ́dọ̀ mi." Irọ́ ni. Ibi tọ́mọ bá jókòó sí ni wọ́n ń ka èsì rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kà á ná?" Kíláàsì rẹ̀ ń dúró dè é. Mo ní, "Kí lo fẹ́ kà? Ṣé mo máa tàn ọ́ ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọmọ méjìdínlógún ni tirẹ̀, mẹ́rìnlá ló yege. Nínú tèmi, kò sí ẹyọ kan tó yege. Wọ́n pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ sí i lọ́rùn, àwa sì ń jó níbí. Lọ́dún kejì mo tún gbé fọ́ọ̀mù lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èsì ọjọ́sí mà ṣì wà lórúkọ wa." Mo ní àṣìṣe ọ́fíìsì ni, mo ti ń bá wọn sọ ọ́. Ó gbà mí gbọ́. Áà, mo ya ọ̀dájú!

Nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ tì í, wọ́n pe gbogbo àwa pírínsípà sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ó dìde, ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe tiwa." Wọ́n na ìwé tó fọwọ́ sí hàn án. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn." Bàtà mi ni mo ń wò. Mo ti dán an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ń dán yinrin. Ó dúró dè mí, ó pẹ́ kó tó jókòó.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ tán, wọ́n béèrè ta ló nílò àga. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ ròkè. Ogójì bẹ́ńṣì, tí òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Mo ra ọ̀dà pupa, mo fi bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn bẹ́ńṣì yẹn náà lẹ jókòó lé yìí. Ẹ fi èékánná ha abẹ́ ẹ̀ wò.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú mi bí ẹyin. Mo bi í léèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ. Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ kó dárúkọ tèmi. Ó ní, "Tiyín ni, sà. Ẹ fi ìlà pupa sórí orúkọ mi." Ó wá ròyìn fún mi pé lẹ́yìn tí wọ́n tilẹ̀kùn, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì kó àwọn ọmọ tí mo lé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀, ó kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fọ́dún kan, mọ́kàndínlógún nínú wọn sì yege. Mọ́kàndínlógún! Àwọn tí mo ní wọn ò ní yege láyé! Mo ń sunkún, orí mi sì ń wú, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ara mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú. Àwọn ìyá òdìkejì odò ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ wọn padà, ẹ sì ń sọ pé èsì ibẹ̀ ò dáa. Ẹ gbà, ìwé orúkọ ọdún méjèèjì rèé, pẹ̀lú ìlà pupa mi. Ẹ kó èsì àwọn ọmọ yẹn padà sọ́dọ̀ tèmi, kẹ́ ẹ tún un kà. Mo ti kà á: lọ́dún méjèèjì yẹn, ipò kẹrin la wà. Ipò kẹrin òótọ́ ò burú, mo lè fi yangàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ pírínsípà, ọmọ tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó máa bà yín jẹ́, ẹ kọ́ ọ.

Àbúrò mi, mo rí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mi ò ní kó o dáhùn lónìí. Ẹ̀yin yòókù, ó yá, ẹ dìde nílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan wà níta, èmi ni mo pè é. Kí èèyàn méjì méjì gbé bẹ́ńṣì kan, ilé-ẹ̀kọ́ òdìkejì odò la ń kó wọn padà lọ. Nọ́ọ̀sì, ìwọ tó o tẹ̀ lé mi wá síbí, má dì mí mú. Gbá igun kejì mú, ká gbé tiwa.