Ẹ̀rín Tó Ṣí Báńkì Dona Idalice

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ojora tó mú mi jókòó. Pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí ohun tí Olúwa ti ṣe fún mi láti ìgbà tí mo ti ṣèrìbọmi. Ohun tí èmi fúnra mi ṣe ni mo fẹ́ sọ. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ṣé ẹ rí màmá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú yìí, tó mú abẹ̀bẹ̀ dání? Dona Idalice nìyẹn. Gbogbo ìlú Olinda wa yìí ló mọ̀ pé wọ́n jà wọ́n lólè nígbà Kánífà èṣí, ọdún ijó ìgboro wa. Èmi Rosivânia, tí ilé mi fara ti ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní ọmọ, èmi ni olè náà.

Èmi kan náà ni mo kọ́ wọn ní fóònù. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi se oúnjẹ fáwọn ọmọ ilé ìwé, oṣooṣù ni wọ́n sì ń tò sábẹ́ oòrùn ní báńkì kí wọ́n tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo bá wọn fi báńkì sínú fóònù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ san owó iná láì dìde lórí àga tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, ariwo ayọ̀ wọn kó àdúgbò jọ.

"Vânia, ṣé ó ti lọ lóòótọ́?"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá."

"Mi ò sì tíì ṣa ẹ̀wà tán?"

Bí Pix, fífi fóònù sanwó lójú ẹsẹ̀, ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Wọ́n fi ra búrẹ́dì, wọ́n fi ra omi àgbọn lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke, wọ́n tiẹ̀ fi owó kékeré ránṣẹ́ sí èmi tí mo jókòó tì wọ́n, kí wọ́n ṣáà lè gbọ́ bí fóònù mi ṣe máa dún. Ayọ̀ náà ràn mí. Mi ò purọ́ lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí Kánífà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kálukú á wá fóònù olè rẹ̀, àlòkù tí kò ní báńkì nínú, a ó gbé e jáde kí olè lè rí nǹkan gbà kó sì máa lọ. Fóònù gidi á wà nílé. Ọgbọ́n wa nìyẹn, a kì í sì í bi ara wa pé ta ló mọ ibi tó wà. Dona Idalice ri tiwọn sínú agolo gàrí. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan lo mọ ibẹ̀ o. Bí mo bá kú sójú ijó, ìwọ ni kó o wá yọ ọ́." Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé ń bá wọn rẹ́rìn-ín nídìí ààrò.

Gilvandro ìbátan mi, tó ń tún fóònù ṣe, ló ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ní dá a lẹ́bi ju ara mi lọ, nítorí ojú mi ti wà lára fóònù tuntun kan tipẹ́. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni báńkì ń fi owó ẹ̀yáwó lọ màmá yẹn. Ṣé kó jẹrà sínú fóònù ni?"

Mo ní, "Wọ́n á mọ̀."

"Olè Kánífà ni wọ́n á bú. Báńkì á dá owó wọn padà, báńkì ò mọ ìyàtọ̀."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo gbà á gbọ́ nítorí ó dùn létí.

Ọ̀sán gangan ni, lọ́jọ́ Ajé Kánífà. Màmá ti dé adé bébà aláwọ̀ wúrà, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà de àwọn ọmọláńgidi gàgàrà tí àwọn oníjó máa ń gbé kọjá. Mo yọ́ wọ ilé ìdáná, mo ti ọwọ́ bọ agolo. Mo mọ nọ́ńbà àṣírí wọn, èmi ni mo bá wọn yàn án: ọjọ́ ìbí ọkọ wọn tó ti kú. Ẹ̀yin ará, ilé Ọlọ́run la wà, ó dùn mọ́ mi. Ara mi gbóná bí ẹni tó ń jó. Mo béèrè ẹ̀yáwó ẹgbẹ̀rún mẹ́fà owó reais. Ni fóònù bá ní òun fẹ́ rí ojú ẹni tó ni báńkì.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti padà. Mo nu gàrí kúrò lára fóònù, mo jáde sí wọn.

"Màmá, ẹ wo ibí, ẹ jẹ́ kí n yà yín pẹ̀lú adé yín."

"Kí ló dé tó o mú fóònù gidi wá síta?"

"Fọ́tò rẹ̀ mọ́ ju ti fóònù olè lọ."

Wọ́n tún adé ṣe. Wọ́n ní, "Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín, Màmá."

Fóònù ní òun ti dá wọn mọ̀. Kí ọmọláńgidi àkọ́kọ́ tó yọ ní kọ̀rọ̀, owó ti dé ọ̀dọ̀ Gilvandro, mo sì ti dá fóònù padà sínú agolo.

Nígbà tí báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbèsè lára owó ìfẹ̀yìntì wọn, ara wọn ni wọ́n bú. "Mo ti tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀, mo ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Arúgbó ò yẹ fún nǹkan yìí." Èmi ni mo mú agboòrùn sí wọn lórí dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n sọ fún ọlọ́pàá pé, "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ mi ni, òun nìkan ló dúró tì mí." Ó kọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, màmá ti padà sórí ìlà lábẹ́ oòrùn, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti bi mí pé, "Vânia, fọ́tò tó o yà mí pẹ̀lú adé ńkọ́?" Mo ní ó ti parẹ́.

Màmá, kò sí fọ́tò kankan. Mi ò yà yín rárá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù dára, báńkì inú rẹ̀ dára, ẹ máa lò ó. Àmọ́ bí àgbàlagbà bá gbé ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ rántí pé ojú kan ṣoṣo ló ní. Fóònù tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, owó màmá ni mo fi rà á. Mo gbé e lé ẹsẹ̀ yín, Màmá. Gbèsè tó kù, èmi ni n ó máa san án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá tó kọ orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín, kí n sọ fún un pé olè tó ń wá nìyẹn.