Bẹ́ẹ̀dì Ọmọ Tí A Kò Dè

[Oko ẹ̀gẹ́ ní ìlú Ara. Ọ̀sán. Fóònù dún títí kí Bàbá Bùràímọ̀ tó gbé e.]

BÙRÀÍMỌ̀: Hẹ́lò.

FAWZIYAH: Ẹ káàsán, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko.

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah. O kú ewu ọmọ. Ojú abẹ ńkọ́?

FAWZIYAH: Ó ń san díẹ̀díẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ —

BÙRÀÍMỌ̀: Ìkókó ńkọ́?

FAWZIYAH: Ó wà lọ́wọ́ mi.

BÙRÀÍMỌ̀: Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́?

FAWZIYAH: Wọ́n ti gbé ata ìsọmọlórúkọ lọ síbi ẹ̀rọ. Bàbá, bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ẹ rà fún wa yẹn —

BÙRÀÍMỌ̀: Ó ti bàjẹ́?

FAWZIYAH: Rárá o. Táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń bèèrè. Ṣé ó ní nǹkan tí wọ́n fi ń dá a dúró?

BÙRÀÍMỌ̀: Ó ní bíréèkì. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lápá ògiri.

FAWZIYAH: Apá ọ̀dọ̀ mi ńkọ́?

BÙRÀÍMỌ̀: Kò sí. Bẹ́líìtì ló so apá tìrẹ tó ṣí sílẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

FAWZIYAH: Mo gbọ́ yín. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò lè ṣẹ́?

BÙRÀÍMỌ̀: Mo fi ara tì í wò kí n tó sanwó. Wọ́n kọ́kọ́ gbé onígi wá. Àlàfo àárín ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀, orí ọmọ á há. Wọ́n gbé èyí tó ń mì bíi jangirọ́fà wá. Mo ní rárá. Eléyìí, àwọ̀n ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé. Fóòmù rẹ̀ le.

FAWZIYAH: Ó le lóòótọ́. Ìyá ní ó dà bíi bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́wọ̀n.

BÙRÀÍMỌ̀: Ó yẹ kó le. Nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ sùn sún mọ́ ọ, kó má sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ohun tí mo lọ rà nìyẹn.

[Àgbò ké.]

BÙRÀÍMỌ̀: Kí nìyẹn?

FAWZIYAH: Àgbò ọ̀la ni. Ó wà lẹ́yìn fèrèsé.

BÙRÀÍMỌ̀: Kí lo ń mí hẹlẹhẹlẹ fún?

FAWZIYAH: Kò sí, sà.

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah.

FAWZIYAH: Bàbá, ẹ má sáré o. Ẹ bá mi ṣèlérí pé ẹ ò ní sáré.

BÙRÀÍMỌ̀: Sọ̀rọ̀.

FAWZIYAH: Mo fún un lọ́mú lórí ìdùbúlẹ̀. Oorun gbé mi lọ. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ti yọ̀ kúrò lára tèmi, táìsì ilẹ̀ yìí ń dán. Ọmọ ti bọ́ sáàárín.

BÙRÀÍMỌ̀: Sílẹ̀?

FAWZIYAH: Kò tíì délẹ̀. Abíyá rẹ̀ ni mo dì mú. Ọwọ́ kejì ni mo fi di ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ mú. Tí mo bá fi ọ̀pá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì á tún yọ̀ lọ, ọmọ á já bọ́. Tí mo bá fi ọmọ sílẹ̀ —

BÙRÀÍMỌ̀: Ó ń mí?

FAWZIYAH: Ó ń mí. Ó tiẹ̀ ń sùn.

BÙRÀÍMỌ̀: Ó jọ bàbá rẹ̀.

FAWZIYAH: Bàbá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ojú abẹ ń fà mí.

BÙRÀÍMỌ̀: Báwo lo ṣe wá pè mí?

FAWZIYAH: Fóònù wà lórí ìrọ̀rí. Imú ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà yín ló wà lókè. Bàbá, ẹ má pa fóònù o. Mi ò lè rí ẹlòmíràn pè.

BÙRÀÍMỌ̀: N kò ní pa á. Kígbe.

FAWZIYAH: Mo ti kígbe títí. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù òdìkejì títì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi. Ìyá sì ti ti ilẹ̀kùn.

BÙRÀÍMỌ̀: Láti ìta?

FAWZIYAH: Wọ́n fi àgádágodo tì í. Wọ́n ní àwọn àlejò ti ń yọjú. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ tí kò tíì lórúkọ.

BÙRÀÍMỌ̀: Mansur ọkọ rẹ ńkọ́?

FAWZIYAH: Ó ń bọ̀ láti Kánò. Fóònù ẹ̀ ti kú láti àárọ̀.

[Ewé ẹ̀gẹ́ ń dún. Bàbá ń rìn. Ìró ọ̀kadà sún mọ́ tòsí.]

BÙRÀÍMỌ̀: Olúgbénga, dúró. Gbé mi lọ sí ọ̀nà Sẹkọna, ilé Mansur. Ṣé o ní nọ́ńbà ìyá rẹ̀?

OLÚGBÉNGA: Mo ní in, Bàbá. Èmi ni mo máa ń bá wọn gbé ẹrù.

BÙRÀÍMỌ̀: Fi fóònù tìẹ pè wọ́n. Kí wọ́n yára padà sílé.

[Fóònù kejì ń pè. Lórí ìlà, ìró agogo fóònù kan ń dún láti òkèèrè.]

FAWZIYAH: Bàbá, ẹ má pè wọ́n mọ́.

BÙRÀÍMỌ̀: Kí ló dé?

FAWZIYAH: Pálọ̀ ni fóònù wọn ti ń dún. Wọ́n gbàgbé ẹ̀ sídìí ṣájà.

BÙRÀÍMỌ̀: Ó dáa. Máa lọ, Olúgbénga.

[Ọ̀kadà gbéra. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sínú fóònù.]

BÙRÀÍMỌ̀: Bẹ́líìtì ńkọ́? Ọwọ́ mi ni mo fi dè é lọ́jọ́ tí a gbé bẹ́ẹ̀dì wá.

FAWZIYAH: Kí lẹ wí?

BÙRÀÍMỌ̀: Bẹ́líìtì. Ṣé o gbọ́ mi?

FAWZIYAH: Ìyá tú u.

BÙRÀÍMỌ̀: Nítorí kí ni?

FAWZIYAH: Wọ́n ní a kì í fi okùn de ibùsùn ọmọ tí kò tíì lórúkọ. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù di ọ̀la.

BÙRÀÍMỌ̀: O ò sọ fún mi.

FAWZIYAH: Ilé wọn ni mo wà, Bàbá.

BÙRÀÍMỌ̀: Bẹ́líìtì náà dà? Ṣé ọwọ́ rẹ lè tó o?

FAWZIYAH: Rárá.

BÙRÀÍMỌ̀: Níbo ló wà?

[Àgbò ké.]

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah. Ṣé o gbọ́ mi?

FAWZIYAH: Ó wà lọ́rùn àgbò.

[Ọ̀kadà ń lọ.]

BÙRÀÍMỌ̀: Àgbò ò ní já bọ́ nìyẹn.

OLÚGBÉNGA: Bàbá, afárá la kàn yìí. Tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì á lọ. Kì í dé títí a ó fi jáde sí Sẹkọna.

BÙRÀÍMỌ̀: Dúró.

OLÚGBÉNGA: Ká dúró? Ṣebí ẹ ní ká yára.

BÙRÀÍMỌ̀: Mo ní kí o dúró. Pa iná rẹ̀.

[Ẹ́ńjìnnì kú. Ẹyẹ ń dún.]

FAWZIYAH: Bàbá, ṣé ẹ ti dé?

BÙRÀÍMỌ̀: Rárá. Mo wà lórí afárá. Bí mo bá kọjá, o ò ní gbọ́ mi mọ́.

FAWZIYAH: Ẹ má kọjá.

BÙRÀÍMỌ̀: N kò kọjá. Kí lo ró sára?

FAWZIYAH: Ìró kan. Bùbá.

BÙRÀÍMỌ̀: Òjá ńkọ́?

FAWZIYAH: Ó wà lórí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni màá fi mú un?

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹsẹ̀ rẹ. Gbé ọ̀kan kọjá sínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Fi kọ́ ọ̀pá yẹn dípò ọwọ́ rẹ.

FAWZIYAH: I can't, Bàbá. Wọ́n là mí nínú. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ sókè.

BÙRÀÍMỌ̀: Má gbé e. Wọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀.

FAWZIYAH: Ó ń dùn mí.

BÙRÀÍMỌ̀: Mo mọ̀. Wọ́ ọ.

[Fawziyah ń kérora. Ìlà ń fọ́.]

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń fọ́.]

BÙRÀÍMỌ̀: Àbẹ̀kẹ́.

FAWZIYAH: Ó ti kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ mi ti kọ́ ọ.

BÙRÀÍMỌ̀: Ṣé ó dúró?

FAWZIYAH: Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró.

BÙRÀÍMỌ̀: Wá fi ọwọ́ yẹn mú òjá. Gbé e yí ọ̀pá bẹ́ẹ̀dì ọmọ ká. Fi etí rẹ̀ kan sẹ́nu, kí o fi eyín dì í mú.

FAWZIYAH: Ìyá ní a kì í dè é.

BÙRÀÍMỌ̀: Dè é.

FAWZIYAH: Tí nǹkan kan bá wá ṣe é —

BÙRÀÍMỌ̀: Nǹkan ti ń ṣe é báyìí. Dè é.

[Ìró aṣọ tó ń fara ra aṣọ.]

BÙRÀÍMỌ̀: So ó mọ́ igi tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tìrẹ. Má fà á mọ́ra, o ó fún ọmọ láyà. Kó kàn dúró níbi tó wà ni.

FAWZIYAH: Ùn.

BÙRÀÍMỌ̀: Ta kókó méjì.

FAWZIYAH: Ùn-ùn.

BÙRÀÍMỌ̀: Kí ló dé?

FAWZIYAH: Òjá ló wà lẹ́nu mi, Bàbá. Ẹ ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀.

BÙRÀÍMỌ̀: Ó dáa.

[Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń dún lórí ìlà.]

FAWZIYAH: Mo ti ta á. Mo ti ta kókó méjì.

BÙRÀÍMỌ̀: Fi ẹsẹ̀ tì í wò.

FAWZIYAH: Kò lọ.

BÙRÀÍMỌ̀: Ó ku ọmọ. Fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ọ̀kan lẹ́yìn ọrùn. Fà á sókè, má fà á ní ẹ̀gbẹ́. Má sọ̀rọ̀ mọ́.

[Ìlà ń fọ́.]

OLÚGBÉNGA: Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí ọ̀kadà.

BÙRÀÍMỌ̀: Ṣé o gbọ́ mi?

[Kò sí ohùn.]

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah, ṣé o gbọ́ mi?

[Ọmọ ké. Ó ké kíkan.]

FAWZIYAH: Ó wà láyà mi. Bàbá, ó ti wà láyà mi.

BÙRÀÍMỌ̀: Alhamdulilahi. Jẹ́ kó ké. Wo apá rẹ̀. Wo àyà.

FAWZIYAH: Ibẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó ń ju apá méjèèjì. Ó ń wá ọmú.

BÙRÀÍMỌ̀: Fún un. Má sùn o.

FAWZIYAH: Oorun wo, Bàbá? Mi ò tún ní sùn mọ́ láéláé.

[Àgádágodo ṣí. Ilẹ̀kùn ń dún. Ẹnìkan gbé nǹkan wúwo kalẹ̀.]

FAWZIYAH: Ìyá ti dé.

SÀDÍÁTÙ: Fawziyah, kí ló ń pa ọmọ lẹ́kún báyìí? Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Kí ni — ta ló dè é?

FAWZIYAH: Ìyá, ẹ kú àbọ̀. Ó yọ̀ sáàárín. Díẹ̀ ló kù kó —

SÀDÍÁTÙ: Ta ló fi òjá de ibùsùn ọmọ yìí mọ́gi?

BÙRÀÍMỌ̀: Èmi ni. Fún wọn ní fóònù.

FAWZIYAH: Ìyá, Bàbá mi ló wà lórí fóònù.

SÀDÍÁTÙ: Àna mi. Ẹ kú oko.

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹ kú làálàá ọjọ́ ọ̀la. Ṣé ata kúnná?

SÀDÍÁTÙ: Ó kúnná. Bàbá Fawziyah, ẹ ò ní bínú sí mi. N ó tú nǹkan yìí.

BÙRÀÍMỌ̀: Àìdè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

SÀDÍÁTÙ: Dídè ló pa tèmi.

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹ ní kí ni?

SÀDÍÁTÙ: Ẹni tó ṣáájú Mansur. Ọkùnrin ni. Apẹ̀rẹ̀ ló ń sùn sí. Mo fi okùn de apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ewúrẹ́ má baà taari rẹ̀. Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká sọ ọ́ lórúkọ, mo jí, kò jí. Wọ́n ti ra àgbò.

[Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù ń dún. Ọmọ ti dákẹ́.]

BÙRÀÍMỌ̀: N kò mọ̀.

SÀDÍÁTÙ: Ta ni yóò mọ̀? Mansur gan-an ò mọ̀.

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Mansur.

SÀDÍÁTÙ: Ẹ ṣé. Tó bá di ọ̀la, tí àáfà bá ti pe orúkọ sí i létí, ẹ wá fi ṣéènì dè é bó bá wù yín.

BÙRÀÍMỌ̀: Alẹ́ òní ńkọ́?

SÀDÍÁTÙ: Ẹsẹ̀ mi ni n ó gbé e lé. N ò ní sùn.

BÙRÀÍMỌ̀: Fawziyah náà ò gbèrò láti sùn. Oorun ló gbé e lọ.

SÀDÍÁTÙ: Ọmọdé ni Fawziyah.

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹ̀yin jí ní ìdájí, ẹ ti rin ọjà, ẹ ti ru ata. Oorun ò mọ àgbà.

SÀDÍÁTÙ: Àna mi, ọwọ́ mi ti wà lórí kókó yìí.

FAWZIYAH: Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mà.

BÙRÀÍMỌ̀: Olúgbénga, ṣáná.

OLÚGBÉNGA: Bàbá, tí a bá sọ̀ kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì —

BÙRÀÍMỌ̀: Mo mọ̀. Máa lọ.

[Ọ̀kadà gbéra. Afẹ́fẹ́.]

BÙRÀÍMỌ̀: Ìyá Mansur, mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá a bẹ́ẹ̀.

SÀDÍÁTÙ: Kí lẹ wí? Ẹ ń já.

BÙRÀÍMỌ̀: Okùn tó bá yẹ kí ẹ tú, ti àgbò ni. Ẹ tú àgbò. Kó máa lọ, n ó wá òmíràn. Ẹ má tú ọmọ.

SÀDÍÁTÙ: Hẹ́lò?

BÙRÀÍMỌ̀: Ẹ má tú ọmọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Àgbò ké. Ìlà fọ́.]

BÙRÀÍMỌ̀: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìlà já.]