Èjìká Rọfíà àti Obìnrin Japan Tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run tóbi! Allahu Akbar! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa dé ọjà Bridge Head! Ẹ̀yin ìyá mi nínú àsàlátù, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tòní kò ṣeé pa mọ́ra.

Ẹ mọ Rọfíà, ọmọ mi obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Onitsha níbí ni mo bí i sí, Íbò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Tẹníìsì ló ń gbá. Obìnrin kúkúrú kan wà ní Japan tó ń gbá a káàkiri ayé, tí gbogbo ará ìlú rẹ̀ fẹ́ràn, títí kan àwọn tí kò mọ tẹníìsì rárá. Irú fìlà rẹ̀ ni Rọfíà ń dé. Àwọn ará àdúgbò a máa pè é ní "Nwa Japan", ọmọ Japan.

Lọ́dún tó kọjá, èjìká rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà ní, "Mádàámù, iṣan ibẹ̀ ti ya díẹ̀. Oṣù mẹ́fà, kó má fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì. Bó bá ya tán, n kò lè ṣèlérí pé apá yìí á tún ga kọjá etí."

Oṣù mẹ́fà! Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ká a mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Bàbá rẹ̀ ní, "Màá ju igi rákẹ́ẹ̀tì yìí sódò!"

Rọfíà ní, "Dádì, obìnrin Japan yẹn ò sinmi rí! Tí mo bá dúró, ó parí fún mi nìyẹn." Ó kọ oúnjẹ.

Apá ọ̀tún ọmọ mi! Apá tó máa fi gbé ọmọ tirẹ̀! Orí ẹní ìrun ni mo ti sunkún. Mo ní, Ọlọ́run, kò gbọ́ tèmi. Fi ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo kà á lórí fóònù pé obìnrin Japan náà ti fi tẹníìsì sílẹ̀. Mo pè é, mo ní, "Rọfíà, obìnrin rẹ ti fẹ̀yìn tì."

Ó wò mí. "Mọ́mì, ó fẹ̀yìn ti kí ni? Ògiri?"

Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Nwa Japan! Yorùbá rẹ ló yẹ ká gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó ṣiṣẹ́ títí, tó wá fi í sílẹ̀, là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Mo ka ìyókù fún un: pé èjìká ti da obìnrin náà láàmú rí, pé ó sinmi fún odindi ọdún kan nígbà tó ṣì kéré, ìsinmi yẹn ló jẹ́ kó gbá a pẹ́. Pé lọ́jọ́ tó dágbére, kò tilẹ̀ borí, síbẹ̀ àwọn èèyàn dìde dúró, wọ́n ń sunkún.

"Odindi ọdún?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn."

Ó sún mọ́ mi, ó gbé ẹ̀yìn lé mi láyà. "Oya. Mo fẹ̀yìn tì ẹ́. Oṣù mẹ́fà péré o."

Kò sọ pé "tì yín". N kò bá a wí. Subhanallah!

Oṣù mẹ́fà pé, kò lé, kò dín. Dókítà ní, "Gbé e sókè." Apá náà lọ, ó kọjá etí, ó nà gbọọrọ! Dókítà ní, "Mádàámù, kí lẹ fún un?" Mo ní, "Ìsinmi ni, sà." Alhamdulillahi!

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣe àdúà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ràn nínú àìsàn, má jáwọ́. Ọlọ́run mọ ẹni tí ọmọ yẹn ń tẹ́tí sí, kódà bí onítọ̀hún kò mọ̀ pé ọmọ rẹ wà láyé.

Sátidé tó kọjá, Rọfíà padà sórí pápá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbá, inú àwọ̀n ló kó sí. Mo ní Alhamdulillahi. Ó mú òmíràn.